Ọjọ́ Tí Mi Ò Kírun, Mo Gún Iyán

Nígbà tí mo wà ní JSS 3, wọ́n mú mi mọ́ àwọn mẹ́rin tí yóò sá eré ríléè fún ilé aláwọ̀ ewé. Èmi ni n óò gba ọ̀pá kẹ́yìn. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé ìjọba n'Íbàdàn láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé ẹni tó ń gba ọ̀pá kẹ́yìn kì í ṣe èèyàn kékeré, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kọrin padà sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sáré láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì ilé ìwé láràárọ̀, tí àpò ìwé ń gbá mi lẹ́yìn, tí àwọn ọlọ́kadà ń bi mí pé ta ló ń lé mi.

Eré ku ọ̀la ni àlejò dé.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ni mo sọ fún, torí màmá mi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Sáré kẹ̀? Lórí àṣẹ́? Ṣé o fẹ́ kí ilé ọmọ ẹ yẹ̀ kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí ni?" Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ̀ nílẹ̀, bí mo bá ń fò kiri, òkè ló máa gbà lọ, bó bá sì ti gba òkè lọ, kí n má wulẹ̀ bi wọ́n léèrè ibi tó máa dúró sí. Màmá mi dé lálẹ́, wọ́n gbọ́, wọ́n ní ohun tí ìyá àwọn bá ti sọ náà ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n pe ìrun Àsùbáà, mi ò dìde. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nílé Mùsùlùmí, bí ọmọbìnrin ò bá ti kírun fún ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń ṣe é, títí kan àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí ìlú hàn. Mo faṣọ bora, mo di inú mú. Inú náà ń lọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí mo fi gbọ́ ohùn Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà: "Àdùkẹ́, iṣu ti jinná o."

Oníyán ni màmá mi. Iṣu tó bá ti jinná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá tutù, kókó ni yóò so, oníbàárà yóò sì fi ọwọ́ ta kókó náà sí etí àwo níṣojú gbogbo ayé. Mo dìde. Mo kọ́kọ́ fi orí ọmọ odó tẹ iṣu náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tó fi wó mọ́ra, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Bí ọmọ odó bá lọ sókè, ikùn mi á fà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, nǹkan gbígbóná á yọ́ wá sísàlẹ̀. Òógùn ń ṣàn láti iwájú orí wá sí imú mi, mo ń fi èjìká nù ún kó má baà kán sínú odó. Mo gún odó kìíní, mo kó o, mo bu òmíì sí i. Ìgbà tí ìkejì fi ń fẹ́ dán, tí iyán ti ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ ọjà, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé inú ò run mí mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wẹ̀, mo wọ yúnifọ́ọ̀mù, mo sì lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù létí pápá, torí pé ara mi ò le tó láti sáré. Ọmọ kíláàsì B kan ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ipò kẹta la ṣe.

Ó lé ní ogún ọdún kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tó yé mi. Ara tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sá mítà 100 ló gún odó iyán méjì kí oòrùn tó yọ. Mi ò bínú sí Ìyá àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá tiwọn ni wọ́n sọ. Ìrun náà ò sí nínú ẹjọ́ tí mò ń rò yìí, ìrọ̀rùn ni Ọlọ́run fi ìyẹn ṣe fún wa. Àmọ́ ẹ bá mi wo ìyókù. Wọ́n ní kí obìnrin tó ń ṣe àṣẹ́ má sáré, kó má fò, kó má gun igi, kó má fọwọ́ kan oògùn bàbá kan kó má baà bàjẹ́. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí wọ́n sọ fún aláàárù obìnrin ní ọjà Bódìjà pé kó sọ ẹrù kalẹ̀ títí ọjọ́ márùn-ún yóò fi pé. Mi ò tíì gbọ́ kí obìnrin tó ń yan gàárì sọ pé iwájú iná ti di èèwọ̀ fún òun lóṣù yìí. Àwọn tó ń gbálẹ̀ títì láago márùn-ún ìdájí ńkọ́? Ta ló ń bi wọ́n ní ọjọ́ tó jẹ́? Eré nìkan ló ní àṣẹ́. Iṣẹ́ ò ní in.

Ọdún tí mo pé 36 ni dókítà wọn ìfúnpá mi, tó tún un wọ̀n, tó ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ oògùn. Mo forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi. Kóòṣì ibẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tóbi tó itan mi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló mọ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀: òun kì í gba àwáwí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo sọ fún un pé nǹkan oṣù mi ku ọ̀la tàbí ọ̀tunla, pé ọyàn ń dùn mí, pé mi ò rí oorun sùn, ṣé a lè dín irin náà kù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn obìnrin tó ń lọ ìdíje kì í sọ irú ẹ̀. Ó wá fi irin méjì kún un. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹrin ilẹ̀ ń yí mi, mo bá jókòó sórí táìlì láàárín àwọn ọkùnrin tó ń wo ara wọn nínú dígí, mo di orí mú. Mi ò padà débẹ̀ mọ́. Owó oṣù mẹ́ta tí mo ti san sílẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí n má ṣe é rárá. Kóòṣì ní kí n ṣe é láìdín. Létí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn tako ara, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi lónìí. Kí n má sì purọ́, èmi náà ò bi ara mi rí.

Ìwé jọ́tà ọmọ mi kan tó ṣẹ́ kù ìdajì ni mo mú. Lálaalẹ́, kí n tó sùn, mo ń kọ ìlà kan sí i: ọjọ́ kẹlòó lèyí, mo sùn àbí mi ò sùn, ọyàn, inú, ìbínú, àti bóyá mo rìn tàbí mi ò rìn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ 28 láti nǹkan oṣù kan sí òmíì ni wọ́n máa ń kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà obìnrin lè jẹ́ 21, ó lè jẹ́ 35, kò sí nǹkan tó ṣe é. Tèmi ń lọ láàárín 26 sí 31. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi áàpù ṣe é. Fóònù mi, àwọn ọmọ ló ń fi gbá gèèmù, mi ò sì fẹ́ ọjọ́ tí ẹnì kan máa pariwo ní pálọ̀ níwájú àlejò pé, "Mọ́mì, fóònù yín ní ọ̀la ni o!"

Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń rò pé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ni ọ̀tá mi. Nínú ìwé yẹn, ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ló burú jù. Mo ṣì ní in lọ́wọ́, ọjọ́ 27 oṣù kan rèé: "Mi ò sùn. Ọyàn. Mo jágbe mọ́ àwọn ọmọ nítorí ṣíbí. Mi ò rìn." Ẹ tún rí òmíì: "Mo sunkún nínú ọkọ̀, mi ò mọ ìdí. Mi ò rìn." Mi ò rìn, mi ò rìn, mi ò rìn, oṣù mẹ́fà tẹ̀ lé ara wọn. Láti ọjọ́ kẹta nǹkan oṣù lọ, èmi kan náà ni mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ní àlàyé. Bí ẹyin bá ti jáde, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé, hòmóònù tí wọ́n ń pè ní progesterone á lọ sókè, ara obìnrin á sì fi nǹkan bí 0.3 sí 0.5 gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí ìwé, kékeré ni. Nínú yàrá tí fáànù ò yí n'Íbàdàn, lóṣù Ẹrẹ́nà, kì í ṣe kékeré. Gbogbo òru tí mo ti ń dá àìsí iná lẹ́bi, ara mi náà ń dáná tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹyin yẹn ò bá wá di oyún, progesterone àti estrogen, hòmóònù obìnrin mìíràn, á jọ já wálẹ̀. Àsìkò yìí ni omi ń dúró sára, tí òrùka ń há mọ́ ìka, tí ṣíbí lásán ń di ìjà. Kì í ṣe bákan náà fún gbogbo wa. Àwọn kan wà tí tiwọn le débi pé ayé á sú wọn pátápátá lóṣooṣù, àìsàn sì ni ìyẹn: láti ọdún 2013 ló ti wà nínú ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń mọ àrùn, PMDD ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn, kí wọ́n má sọ fún un pé kó lọ rìn ká. Kó lọ rí dókítà.

Ní tèmi, mo fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn sílẹ̀ fún ìrìn lásán. Mi ò gbé irin, mi ò bá ẹnikẹ́ni díje. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, èmi nìkan, mo fi fóònù sílé. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn kan: ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò ní ẹjọ́, mo gbọ́dọ̀ rìn ín. Bó bá pé mẹ́wàá tí ara ṣì ń sọ pé rárá, mo ń yà padà sílé láìbínú sí ara mi. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń yà padà. Ẹ má rò pé ìrìn náà ń mú ìbínú kúrò o. Ìbínú wà níbẹ̀, òun náà kàn máa ń rẹ̀ kí n tó délé ni.

Ọjọ́ kìíní gan-an ló ṣòro, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ti Láyípo fún yín.

Àwọn obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí a jọ ń rìn láàárọ̀ Sátidé. A ò ní orúkọ, a ò ní ààrẹ, ẹni tó bá jí ló ń tẹ̀ lé wa. Àlàájà kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni àgbà wa. Lọ́jọ́ kan a ní ká lọ sí Òkè Àrẹ, ká gun Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn ní ìrántí Captain Bower, Òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ ajẹ́lẹ̀ n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ta ló ráyè orúkọ Bower? Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí lọ sókè bí ìgbín ló sọ ọ́ ní Láyípo. 47 ni àtẹ̀gùn náà, ó há, ẹnì kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kìíní mi ni. Mo ti mu ògì, mo ti lo oògùn, mo sì ti pinnu pé n óò dúró sísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń tò wọlé ni mo bá ara mi láàárín wọn. Mo tó nǹkan bí ogún àtẹ̀gùn tí ikùn fi dì mí mú. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri, ó tutù. Ìyá Ìbejì ti wà lókè, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àlàájà wà lẹ́yìn mi gẹ́lẹ́, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Kò sí àyè àtiyí padà.

Àlàájà ní, "Ṣé àlejò ni?"

"Àlejò ni, mà."

"Ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Òní ló dé, mà."

"Dúró. Jẹ́ kí èémí ẹ dé ìsàlẹ̀ ikùn. Má pa eyín pọ̀."

Ẹnì kan kígbe láti ìsàlẹ̀ pé kí ló dé, ṣé gósíló ni. Àlàájà dá a lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù, ọkọ̀ ń gba omi!" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó pa èmi náà, ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú inú rírun mọ bó ṣe máa ń rí. A gbéra. Àlàájà ń ka àtẹ̀gùn fún mi sókè bí ẹni ń ka owó: ọ̀kan, dúró, ìkejì, dúró. Nígbà tí a yọ sókè, atẹ́gùn fẹ́ lu òógùn ọrùn mi, Ìbàdàn tẹ́ rẹrẹ síwájú wa pẹ̀lú páànù rẹ̀ tó ti pọ́n. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ikùn mi ti rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìgò omi gbígbóná lé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ikùn yìí díẹ̀. Iṣan ni ilé ọmọ. Nígbà tó bá tó àkókò láti bọ́ awọ tó ti tẹ́ sílẹ̀ de oyún, ara á pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, òun ló ń pàṣẹ fún iṣan náà pé kó máa fún ara rẹ̀. Bó bá fún ara jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ òun fúnra rẹ̀ á dín kù, ìyẹn ló ń di ìrora. Prostaglandin yìí náà ló máa ń kan ìfun, tó ń sọ wá di èrò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ohun tí a kì í sọ fún ara wa. Oògùn bí ibuprofen ń dí pípèsè rẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí èèyàn bá tètè lò ó, lórí oúnjẹ, kó tó di pé ikùn ń pariwo. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, kò yẹ kó dédé gbé e mì. Èmi tí ìfúnpá mi ń ṣe ségesège, mo kọ́kọ́ bi dókítà mi. Ìyá àgbà ní ṣúgà ló ń fà á. Nílé wa, ṣúgà ló ń fa ohun gbogbo, láti orí jẹ̀díjẹ̀dí títí dórí àìmọ̀wé.

Eré ìdárayá ńkọ́? Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ kan tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìdánwò tó wà lórí eré ìdárayá àti inú rírun jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí i pé bí obìnrin bá ń ṣe é fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ìrora lè fi nǹkan bí 25 dín kù lórí òṣùwọ̀n 100, ì báà ṣe eré tó le tàbí ti nínara jẹ́jẹ́. Àwọn fúnra wọn sọ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó bí àwọn ṣe fẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún un kà: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta *lọ́sẹ̀*. Kì í ṣe lọ́jọ́ tí inú bá ń run nìkan. Bí àjọ ló rí. Ẹni tí kò dá a láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tó wá jókòó ti alájọ lọ́jọ́ ìkẹyìn, kí ló fẹ́ kó?

Àwọn kan ti wá ń ta ètò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí: ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣe báyìí, ọ̀sẹ̀ kejì, gbé irin tó wúwo, ọ̀sẹ̀ kẹrin, máa nara. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà. Mi ò rà á. Lọ́dún 2020 àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 78 jọ láti mọ̀ bóyá agbára obìnrin ń yí padà láàárín oṣù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó lè dín bíńtín láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ó kéré débi pé wọn ò lè fi ṣe òfin fún gbogbo obìnrin. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan wo ara tirẹ̀ ni wọ́n sọ. Jọ́tà mi tó owó yẹn.

Ẹ wo àwọn tó ń fi ara jẹun. Paula Radcliffe, sárésáré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní inú ń run òun lọ́jọ́ tó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní Chicago lọ́dún 2002, tó fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 18 pa gbogbo àkọsílẹ̀ obìnrin tó wà láyé rẹ́ nígbà náà. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní Munich, iṣan ẹsẹ̀ há mọ́ Dina Asher-Smith, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, nínú àṣekágbá mítà 100, ó sì jáde wá sọ pé nǹkan oṣù ló fà á, pé ká ní ọkùnrin ló ń ṣe, owó ìwádìí ì bá ti pọ̀ lórí rẹ̀. Ní Rio lọ́dún 2016, Fu Yuanhui, ọmọ Ṣáínà tó ń lúwẹ̀ẹ́, sọ níwájú kámẹ́rà pé nǹkan oṣù òun bẹ̀rẹ̀ lánàá, ó sì rẹ òun. Àwọn kan lórílẹ̀-èdè rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé obìnrin lè wọ omi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà ì bá tọ́ka sí Asher-Smith, kóòṣì ì bá tọ́ka sí Radcliffe. Àwọn obìnrin méjèèjì ni wọ́n ń sọ òótọ́ nípa ara tiwọn lọ́jọ́ kan.

Aṣọ funfun náà tún wà. Láti ọdún 2023 ni ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon tó gbà kí obìnrin wọ péńpé dúdú sábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ti ń fi dandan lé. Mo ka ìròyìn yẹn, mo rántí péńpé funfun ilé ìwé wa, mo rántí sìníọ̀ kan tó so súwẹ́tà mọ́ ìdí láti àárọ̀ títí wọ́n fi kó àga kúrò ní pápá, nínú oòrùn yẹn. Bóyá ohun tí Ìyá àgbà ń bẹ̀rù gan-an kọ́ ni ilé ọmọ tó ń yẹ̀. Bóyá péńpé yẹn ni. Láyé tiwọn, àkísà ni wọ́n ń dì sí i. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi àkísà sáré ríléè.

Kódà pẹ̀lú páàdì, kì í ṣe eré. Ó máa ń bó èèyàn nítan bí ìrìn bá pọ̀, páápàá tí òógùn bá ti gbà á. Péńpé dúdú tó fún mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò ló gbà mí, àti kí n pààrọ̀ kí n tó kúrò nílé, kódà bí kò bá tíì kún. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pápá ìṣeré tí a ti ń rìn tẹ́lẹ̀, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Bàbá tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í dé ṣáájú aago mẹ́jọ, omi ò sì dé rí.

Nǹkan kan wà tí ojú ń tì mí láti sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Èmi ni mo wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mò ń wàásù ìrìn fún un bí ajíhìnrere. Ó ń rìn. Oṣooṣù ló ń pa páàdì méjì pọ̀, tó ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ó rò pé bí ti gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju mílílítà 30 sí 40 lọ, bíi ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú, ó máa ń dà bíi garawa. Bó bá ti kọjá 80, ó ti pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, fáíbírọ́ìdì ló wà nídìí rẹ̀. Mo sọ fún aláìsàn pé kó máa rìn. Nínú èmi àti kóòṣì, kí ni ìyàtọ̀? Láti ìgbà yẹn, bí obìnrin bá sọ fún mi pé ó ń rẹ òun tàbí pé inú rírun òun ń le sí i lọ́dọọdún, páàdì ni mo kọ́kọ́ ń bi í: mélòó lójúmọ́? Ọ̀rọ̀ ìrìn á dúró.

Ọmọ mi obìnrin ti pé 13 báyìí. Lóṣù tó kọjá, eré ku ọ̀la nílé ìwé wọn, ó yọjú sí mi ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, ó ti dé o. Ṣé kí n ṣì sáré?" Iṣu wà lórí iná. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí lára ẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní kò burú, inú kàn ń lọ́ òun díẹ̀ ni. Mo ní kó sùn lórí ẹ̀, bó bá jí kó sọ fún mi. Ó jí, ó ní òun máa sáré. Mo di péńpé dúdú àti páàdì mẹ́ta sínú báàgì rẹ̀, mo sì gún iyán náà fúnra mi.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Mítà 400 ló sá. Ó gbéra dáadáa, ó wà nípò kejì, mo ti dìde lórí àga. Nígbà tó yí igun kejì, mo rí i tó ń fà sẹ́yìn, tó ń tiro, tó yà kúrò lójú ọ̀nà, tó jókòó sórí koríko. Ọkàn mi já. Ohùn Ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí mi, mi ò ní purọ́. Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ṣé inú ni? Ṣé ó le ni? Ṣé kí n lọ mú oògùn?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó na ẹsẹ̀ sí mi.

"Bàtà ni, Mọ́mì. Mo ti sọ fún yín pé ó ti kéré."